Àwọn Ará Inú Àjà

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ débi pé etí fèrèsé nìkan ló kù tó ń tàn sí, ìyá mi á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Èmi tí mò ń gé aṣọ nísàlẹ̀ máa ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà bí ẹni pé wọ́n pe orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni àjà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Nǹkan kan á ha pákó, òmíràn á yọ́ rìn, ìyẹ́ á kan ìyẹ́ lára, àwọn àdán á sì máa tú jáde lábẹ́ páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ inú òfuurufú tó ti ń di àwọ̀ aró.

Ìyá mi kì í tẹ maṣíìnì padà títí èyí tó kẹ́yìn á fi jáde. Wọ́n ní àwọn àdán máa ń tijú, pé ariwo kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè kúrò nílé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń pẹ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyá mi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìmẹ́lẹ́. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ láti òkè: "Ó yá, Ọ̀gá Ìmẹ́lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú o. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń jẹun."

Èmi ò fẹ́ràn wọn o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Onínúfùfù ni mí, ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi ń pè mí ní Ata Wẹẹrẹ, ohun tó sì ń rùn kì í pẹ́ mú inú bí mi.

Ilé wa ò tóbi. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń wọn àwọn oníbàárà, tí mo sì ń gé aṣọ. Yàrá ìránṣọ wà lókè, lábẹ́ òrùlé gan-an, níbẹ̀ ni ìyá mi ti ń rán ohun tí mo bá gé. Àtẹ̀gùn tó dé ibẹ̀ ga, ó sì há, nítorí náà bàbá mi, nígbà tí wọ́n wà láyé, so okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀ kan fún wa. Màá kó aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, màá mi okùn, ìyá mi á sì fà á sókè. Bí wọ́n bá rán an tán, apẹ̀rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń fi wá ṣàwàdà pé ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ìyá mi lórí okùn yẹn nìkan ni mo máa rí. Ìrọ̀rùn la kà á sí.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni ìjì ká etí páànù kan sókè. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà, gbé àkàbà wá láti kàn án padà, ìyá mi ní kó fi í sílẹ̀ ná, pé ooru ń mú. "Ná" yẹn di ọdún. Kí a tó ṣẹ́jú, àdán ti kún àjà, ìgbẹ́ wọn dúdú ń jábọ́ láti àárín pákó bíi hóró ìrẹsì tó jóná. Èmi ni mò ń gùnkè lọ gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mò ń gbá a, tí mò ń kùn.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìkángun àdúgbò wá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó gbé imú sókè.

"Àǹtí, ẹ ní àdán lókè?"

"Màmá mi ló ni wọ́n," ni mo wí. "Bá mi bá wọn sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú sí wọn jù. Ẹ̀fọn tí wọ́n ń bá wa jẹ ò kéré. Àdán tó bá wà láyè ara rẹ̀ ò ní bá yín fa nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbá ìgbẹ́ wọn ní gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ sì bo imú. Èyí tẹ́ ẹ bá wá rí nílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ò lè fò, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án rárá. Àdán tí ọwọ́ èèyàn bá lè tó, ara ẹ̀ ò dá. Àìsàn dìgbòlugi tá a mọ̀ mọ́ ajá yẹn, àdán náà lè ní in."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé gun àtẹ̀gùn lọ bí ẹni tó rí pàṣán he. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹnu kan ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ọjọ́ náà gan-an ni màá ní kí wọ́n wá fín gbogbo wọn pa!"

Ìyá mi wo mí, wọ́n tún wo àjà. "Ata Wẹẹrẹ," ni wọ́n wí, "rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sùn."

Ó ṣe díẹ̀, iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó kan dé. Funfun ni, ìrù rẹ̀ gùn débi pé nígbà tí ìyá mi tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Wọ́n jókòó láàárín rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sínú ìkùukùu, orí wọn àti ọwọ́ wọn nìkan ló hàn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà lé aṣọ náà, gbogbo yàrá wá ń tàn láti ilẹ̀. Etí aṣọ yẹn kò ṣeé fi maṣíìnì rán, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Ilé dákẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo sì ń gé aṣọ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú oorun.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni nídìí iṣẹ́ wa kì í ṣe bí a ṣe ń ránṣọ. Wọ́n á kọ́ ọ pé bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, ẹnu ni kí o kọ́kọ́ fi ojú ibẹ̀ sí, kí o fa ẹ̀jẹ̀ náà kó tó kan aṣọ. Ara á san, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà tó bá ti lẹ́jẹ̀ ti lẹ́jẹ̀ nìyẹn. Nínú ilé tiwa, ẹni tó fi ọwọ́ sẹ́nu kì í ṣe ìròyìn.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbé léèsì ọrùn aṣọ náà gòkè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo bá ìyá mi lórí ìdúró nídìí fèrèsé, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹnu, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Abẹ́rẹ́?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mi orí. "Abẹ́rẹ́ ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi! Tí ẹ bá ń tòògbé, ẹ lọ sùn o, kí ẹ má lọ rán ara yín mọ́ aṣọ onítọ̀hún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé léèsì kalẹ̀, mo yẹ aṣọ wò, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀, mo bá sọ̀ kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn lókè ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rí i, mo sì fi ẹsẹ̀ tì í padà bí mo ṣe ń kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, mo mi okùn. Apẹ̀rẹ̀ gbéra, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró, ó tún gòkè díẹ̀, ó tún fì. Mo gbójú sókè. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń fa okùn. Ọwọ́ ọ̀tún kò yọjú.

Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn, n kò lè sọ. Ìyá mi wà nídìí maṣíìnì, wọ́n tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ aṣọ lórí itan.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yẹn."

"Abẹ́rẹ́ ni mo ní ó gún mi."

"Ọwọ́ wo lẹ fi ń di abẹ́rẹ́ mú?"

Wọ́n mọ ibi tí mò ń lọ, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tó ń fi ọ̀tún di abẹ́rẹ́ mú, òsì tó fi di aṣọ mú ni abẹ́rẹ́ máa ń gún. Ìka ọwọ́ òsì ìyá mi ti le gbagidi láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn ń dán bíi ti ẹni tí kò ránṣọ rí. Mo fa ọwọ́ náà jáde. Ojú eyín méjì kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí àtàǹpàkò, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, àyíká wọn sì ti pọ́n. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti ìyá mi ò tiẹ̀ sùn ju òru ẹyọ kan lọ.

"Ọ̀gá Ìmẹ́lẹ́ ni," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Láti ìjẹta ni kò ti bá wọn jáde mọ́. Mo rò pé àṣà ẹ̀ ló ń ṣe. Ọ̀sán àná ló já bọ́ sórí aṣọ ìyàwó, ó na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Mo ní kó má tọ̀ síbẹ̀, mo bá fọwọ́ gbé e. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é. Ara ẹ̀ ni ò yá."

"Níbo ló wà?"

Wọ́n fi ojú tọ́ka sí dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì. Ó wà níbẹ̀, wọ́n fi àgékù àrán pupa wé e, ó ti kú, kò ju ọmọ eku lọ. Etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ìdérí ìgò kan tí omi wà nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Ẹ fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀! Ẹ ò tiẹ̀ fọ ọwọ́!"

"Ìwọ lo sọ pé ọjọ́ tí ọ̀kan bá fẹnu kan wa, o máa fín gbogbo wọn pa." Ìyá mi ò gbé ohùn sókè. "Wọ́n pọ̀ nínú àjà yẹn. Ẹyọ kan ló ṣàìsàn. Mo ti dàgbà, Ata. Mo ní kí n dákẹ́."

Mo fẹ́ bínú. Ìbínú tí mo mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, mo wá a, n kò rí i. Ẹkún ló jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí aṣọ funfun tí a kì í tẹ̀, mo di ọwọ́ òsì wọn mú, mo ní, "Ẹ dìde ká lọ. Mo bẹ̀ yín."

"Ṣèlérí ná."

"Mi ò ní pa wọ́n."

"Kò sí èéfín?"

"Kò sí èéfín, kò sí májèlé. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbé lókè orí yín mọ́, Màmá. Ìyẹn, mi ò lè gbà á."

Wọ́n wo ojú mi pẹ́, wọ́n sì dìde.

Mo gbé ọwọ́ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń dà á, mo ń fọ̀ ọ́, títí ìyá mi fi ní ṣé mo fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí ni. Mo fi ọ̀rá wé ọwọ́ kí n tó gbé àdán náà tòun ti àrán rẹ̀ sínú agolo, mo sì dé e pa. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gba agolo, ó ní wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀yin fọ̀ ọ́, ó dáa," ló sọ fún mi. "Bí àìsàn yìí bá ti fojú hàn, kò sí oògùn tó ń ràn án mọ́. Ṣùgbọ́n kì í tètè fojú hàn. A ṣì wà níwájú ẹ̀. A ò ní dúró de èsì, òní la máa bẹ̀rẹ̀. Màmá, kò ní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan o, ẹ máa wá léraléra."

Ó gbé abẹ́rẹ́ jáde. Ìyá mi gbé ojú sún mọ́ ọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Eléyìí dáa," ni wọ́n wí. "Ó tín-ín-rín, kò sì dógùn-ún."

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: àdán náà ní in. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, n kò lè gòkè, n kò lè sọ̀. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé àìsàn yẹn, bó bá wọlé, omi ni aláìsàn máa ń bẹ̀rù. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti gbé ife omi, ọwọ́ mi á dúró lórí ohun yòówù kí n máa ṣe. Màá máa wo ọ̀nà ọ̀fun wọn. Mo ṣebí wọn ò mọ̀. Ó ṣe, mo rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi níṣojú mi, nígbà tí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ wọ́n, gbìgbìgbì, pẹ̀lú ariwo, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, "Ó dùn." Lójú oorun, mò ń rí aṣọ funfun kan tó kún fún ìyẹ́, tó ń gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìyá mi ń fi ọwọ́ òsì fà á padà.

Àbúrò mi dé pẹ̀lú ohun èéfín lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Ìṣẹ́jú péré."

"Gbé e padà," ni mo wí.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ti ń pariwo láti ọdún tó kọjá pé—"

"Èmi ni. Gbé e padà."

Ó wò mí bí ẹni pé dìgbòlugi ọ̀hún ti dé orí mi. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gun àkàbà, ó tan iná wo inú àjà, ó rí i pé kò sí ọmọ tí kò lè fò níbẹ̀. Ó ní ohun tó yẹ ni kí a ta nǹkan bo ẹnu ihò náà, kó so mọ́lẹ̀ lókè, kó sì tú sílẹ̀ nísàlẹ̀, bíi kọ́tìnnì. Ẹni tó ń jáde á rọra gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ, ẹni tó ń bọ̀ ò ní rí ọ̀nà wọlé. Mo ní mo ní ohun tó máa ṣe é. Àgékù nẹ́ẹ̀tì ìbòrí ìyàwó wà nílẹ̀, mo rán an pọ̀ ní ìpele méjì, mo ká etí rẹ̀ dáadáa, nítorí ìyá mi ń wò mí. N kò rán aṣọ kankan tó dùn mí bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò mi fi pákó kan àpótí pẹlẹbẹ, ó ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e kọ́ sára igi lẹ́yìn ilé, jìnnà sí fèrèsé, kí wọ́n lè ríbi forí pamọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n tú jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì funfun náà ń mì, ó ń mì, ó wá dúró. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń kan nẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ń kàn án jẹ́jẹ́, kò tiẹ̀ pariwo tó òjò wẹliwẹli. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ pé ìyá mi náà ò sùn. Nígbà tí ó dájú pé kò sí ẹni tó kù nínú àjà, àbúrò mi kan páànù náà pa.

Ìyá mi gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Nọ́ọ̀sì gbá wọn lọ́wọ́ mú, ó ní gbogbo rẹ̀ ti parí, pé kí wọ́n máa lọ sílé lọ ránṣọ. Mo dúpẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi ní ó tó. Nílé, mo rò pé ìyá mi á yọ̀. Wọ́n lọ dúró nídìí fèrèsé.

"Ata Wẹẹrẹ, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́. Ṣé wọ́n wà nínú àpótí yẹn?"

Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ wò ó. Irọ́ ò wọ́n lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n irọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá mi lọ. "Rárá, Màmá. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Wọ́n mi orí. "O ṣeun tó o sọ òótọ́." Wọ́n fọwọ́ ti etí fèrèsé. "Ṣé o mọ̀, lẹ́yìn bàbá yín, kò sí ohùn kankan lókè yìí mọ́ àfi ti maṣíìnì. Ìwọ wà nísàlẹ̀, okùn lò ń mì. Àwọn yẹn, bó ti wù kí wọ́n rùn tó, wọ́n ń padà wálé sọ́dọ̀ mi láràárọ̀."

Mo yíjú wo okùn apẹ̀rẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi tú tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ palẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn há, ó kó o gòkè ní ẹyọ ẹyọ, ó tún un tò sí ìdí fèrèsé. A gbé maṣíìnì kejì, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, gòkè pẹ̀lú. Ìyá mi ń wò wá, wọ́n ní a máa ba ilẹ̀ jẹ́, wọ́n ní ooru máa pa mí níbẹ̀, wọ́n sì sún àga wọn kí tèmi lè gbà. Mo tú okùn kúrò lára apẹ̀rẹ̀. Àgékù aṣọ la ń kó sínú rẹ̀ báyìí.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kù sí etí fèrèsé, ẹsẹ̀ mi kúrò lórí maṣíìnì. Èmi kọ́ ni mo ní kó kúrò. Ìyá mi náà ti gbé tiwọn. Ilé pa lọ́lọ́, nǹkan kan ò ha, nǹkan kan ò yọ́ rìn. Mo jókòó, mò ń wo òfuurufú tó ń di àwọ̀ aró, n kò mọ ohun tí mò ń dúró dè, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ìyá mi gbé ife wọn, wọ́n mu omi gbìgbìgbì, wọ́n nu ẹnu. Wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá mi léjìká.

"Ó yá, Ọ̀gá Ìmẹ́lẹ́," ni wọ́n wí, "ilẹ̀ ti ṣú o."